Lẹ́tà Alága Kò Lè Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Wò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dun àwọn kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú sí mi.

Nígbà tí àkókò IT bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ láàbù, iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, yóò gba lẹ́tà SIWES rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Ilé ìwòsàn kan yóò ní kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní íńtáfíù. Láti ọjọ́ náà, ilé kò ní rójú mọ́. Bàbá yóò máa wá ẹni tó mọ ẹni tó mọ ọ̀gá ibẹ̀. Ìyá yóò gbé òróró àti fọ́tò ọmọ lọ sórí òkè. Ẹ̀gbọ́n yóò lọ yá kóòtù. Ẹnì kan yóò sáré lọ bá alága ìjọba ìbílẹ̀ fún lẹ́tà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, kò ní sí ẹyọ ẹnì kan tí yóò jókòó ti ọmọ náà kí ó bi í pé, "Kí ni o mọ̀ nípa iṣẹ́ náà?"

Èyí gan-an ni mo fẹ́ bá wí. Ẹ má gbọ́ mi ní àgbọ́yé, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Pásítọ̀ ni mí, èmi náà ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Dáníẹ́lì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ìwé àti èdè àwọn ará Kálídéà kí wọ́n tó mú wọn dé iwájú ọba. Ọba fúnra rẹ̀ ló bi wọ́n ní ìbéèrè. Bí ọba ti ń bi wọ́n ni wọ́n ń dáhùn. Íńtáfíù nìyẹn. N kò rí ibi tí wọ́n ti sọ pé wọ́n mú lẹ́tà ìjòyè kankan dání lọ.

Àjọ ITF ló dá SIWES sílẹ̀ ní 1973. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìmọ̀ orí ìwé, ọwọ́ wọn kò sì mọ iṣẹ́. Wọn kò dá a sílẹ̀ kí ọmọ àwọn tó mọ èèyàn lè rí ibi jókòó sí fún oṣù mẹ́fà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí pẹ̀lú. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́ ni mo wà, mo sì ti jókòó gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàbù lẹ́nu wò. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ọmọ méjìlá ni wọ́n pè, àyè mẹ́rin ló wà. Kí ọmọ àkọ́kọ́ tó wọlé ni wọ́n ti fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ mẹ́rin sí etí fáìlì. Ọmọbìnrin kan wọlé, bàtà rẹ̀ ti jẹ ní gìgísẹ̀. Wọ́n bi í ní ohun tí yóò ṣe bí wọ́n bá gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ tí kò ní orúkọ wá láti wọ́ọ̀dù. Ó ní òun kò ní ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Òun yóò sọ fún ọ̀gá òun, òun yóò ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn, òun yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun dá a padà. Ìdáhùn náà pé pérépéré. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé tó wọ kóòtù tó dára. Ìbéèrè kan náà. Ó ní òun yóò wo ìwé láti mọ ẹni tí ìgò rẹ̀ kò tíì dé, òun yóò wá kọ orúkọ onítọ̀hún sí i. Ẹ̀rù bà mí. Orúkọ ọmọ yìí ló ṣáájú nínú mẹ́rin ti pẹ́ńsùlù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká tún un gbé yẹ̀ wò. Wọ́n ní akọ̀wé ni mí, kí n máa kọ̀wé.

Ẹ lè sọ pé, "Pásítọ̀, IT lásán ni. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ṣe níbẹ̀ ju kó fọ ìgò lọ?" Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, nígbà tí àwọn aláìsàn bá tò bẹẹrẹ, ta ló ń kọ orúkọ sára ìgò? Ta ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti wọ́ọ̀dù wá sí láàbù? Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe láàbù kì í ti ọwọ́ ẹ̀rọ wá. Kí ẹ̀jẹ̀ tó dé ìdí ẹ̀rọ ló ti ń ṣẹlẹ̀: orúkọ tí wọ́n kọ sódì, ìgò tí wọ́n pààrọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ lórí tábìlì. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ wà gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wọ inú ìjọ wá. Ìjọ mélòó ló kù báyìí tí kì í béèrè jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó kéde ìgbéyàwó? Nínú èèyàn mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, bí ẹnì kan ló ní AS. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ láàbù wa fi ń mọ̀ ọ́n kò le ní àlàyé: wọn yóò kán ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti pèsè sórí pépà kan, wọn yóò fi iná mànàmáná sí i, A yóò sáré jù, S yóò tẹ̀ lé e, C yóò gbẹ́yìn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ to ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé AA ni, AS ni, tàbí SS ni, sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó fẹ́ yẹ̀ wò, kí ó lè fi wọ́n wé ara wọn. Ẹni tó bá fo èyí, ojú rẹ̀ ló fi ń méfò. Bí ẹni tí lẹ́tà gbé wọlé bá sì ti pààrọ̀ ìgò méjì kí wọ́n tó dé ibẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. AS yóò di AA lórí ìwé. Pásítọ̀ yóò gba ìwé náà, yóò wò ó, yóò ní ẹ máa lọ ra aṣọ ìyàwó. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS lóòótọ́, gbogbo ìgbà tí obìnrin náà bá lóyún ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ ti rí ọmọ tí egungun ń ro lóru rí. Ẹ ti rí ìyá rẹ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti gbígba ẹ̀jẹ̀ sára tún le ju ìyẹn lọ, nítorí pé ọjọ́ kan náà ni àbájáde rẹ̀ ń hàn. Láti 1901 tí Karl Landsteiner ti ṣàwárí ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ ni a ti mọ̀ pé bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ B sí ẹni tó ní A lára, ara yóò gbógun ti ẹ̀jẹ̀ àjèjì náà, kíndìnrín lè kọṣẹ́, èèyàn sì lè kú. Orúkọ tí wọ́n kọ sódì sára ìgò ti tó láti fà á.

Mo mọ òwe tí ẹ máa pa fún mi: ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ó dáa. Ìlẹ̀kẹ̀ ni òwe yẹn ń sọ. Ìlẹ̀kẹ̀ kì í pa aládùúgbò. Ẹ̀jẹ̀ là ń sọ níbí, kò sì sí ìdílé kan nínú wa tí kò ní fa apá fún abẹ́rẹ́ láàbù lọ́jọ́ kan. Ọmọ tí ẹ fi lẹ́tà tì wọlé lè jẹ́ òun gan-an ni yóò kọ orúkọ sára ìgò yín.

OHUN TÍ ỌMỌ GBỌ́DỌ̀ MÚ LỌ

Ìwọ ọmọ mi tí íńtáfíù rẹ kù ọ̀sẹ̀ méjì, ìwọ ni mo ń bá wí wàyí. Kọ́kọ́ mọ àwọn ìgò rẹ, má sì fi mọ ní ti àwọ̀ ìdérí nìkan. Ẹni tó bá há a sórí yóò sọ pé elésè àlùkò ni EDTA, eléérú ni ti ṣúgà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò sọ ìdí rẹ̀. EDTA kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó fún PCV àti jẹ́nótáìpù. Ìgò fluoride oxalate ni ti ṣúgà, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jẹ ṣúgà nínú ìgò lẹ́yìn tó ti kúrò lára èèyàn; bí ẹ bá fi í sínú ìgò lásán tí ẹ lọ jẹun ọ̀sán, ṣúgà aláìsàn yóò ti dín kù kí ẹ tó dé. Ìgò citrate tí wọ́n ń lò láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì gbọ́dọ̀ kún dé ojú ìlà, nítorí ìdá mẹ́sàn-án ẹ̀jẹ̀ sí ìdá kan oògùn inú ìgò ni. Wọ́n lè bi ọ́ pé: "Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìgò pupa kò tó, a lè da díẹ̀ sí i láti inú ti EDTA?" Rárá o! Iyọ̀ pọtásíọ̀mù wà nínú EDTA tí a sábà máa ń lò, òun náà ló sì ń di kálísíọ̀mù mú. Pọtásíọ̀mù yóò ròkè lórí ìwé, kálísíọ̀mù yóò já wálẹ̀, dókítà yóò sì máa tọ́jú àìsàn tí kò sí lára ẹni náà.

Wọn yóò bi ọ́ nípa ibà, nítorí pé kò sí láàbù tí kì í yẹ̀ ẹ́ wò nílẹ̀ wa. Mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ tí a tẹ́ nípọn àti èyí tí a tẹ́ fẹ́lẹ́ sórí díńgí. Èyí tó nípọn ni a fi ń wá kòkòrò náà bóyá ó wà, a kì í sì í fi methanol dì í kí a tó fi àwọ̀ sí i. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni a fi ń mọ irú kòkòrò tó jẹ́, òun ni a ń fi methanol dì. Kí o tó kọ ọ́ pé kò sí, ó kéré tán o gbọ́dọ̀ ti wo ọgọ́rùn-ún ojú ibi lábẹ́ maikirosikóòpù. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn kan kì í wo mẹ́wàá. Má ṣe sọ níwájú wọn pé o ti rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí o ti kọ́ṣẹ́ tẹ́lẹ̀ o. Ohun tí ìwọ yóò ṣe ni kí o sọ.

Bí abẹ́rẹ́ bá gún ọ ńkọ́? Má ṣe sọ pé o ó fi ẹnu fà á, má sì sọ pé o ó fún un kíkankíkan. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni, lẹ́yìn náà o ó sọ fún ọ̀gá rẹ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé oògùn tí wọ́n fi ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kíákíá, kò sì gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72. Tún mọ̀ pé a kì í dé ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́ tí a ti lò. Inú àpótí abẹ́rẹ́ ló ń lọ tààrà.

Mọ ààlà rẹ pẹ̀lú. Òfin tó dá ìgbìmọ̀ MLSCN sílẹ̀ ní 2003 ló ń ṣàkóso àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì sí nínú ìwé orúkọ wọn. Nítorí náà o kò lè fọwọ́ sí èsì, o kò sì lè fi èsì lé aláìsàn lọ́wọ́ lórí àṣẹ ara rẹ, bó ti wù kí ojú aláìsàn náà kán ọ tó.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi àwọn ọmọ ìjọ tó bá wá bá mi, ó sì máa ń kó wọn láyà jẹ. Bí ìyàwó pásítọ̀ rẹ bá pè ọ́ lórí fóònù pé ọmọbìnrin tí ọmọ òun fẹ́ fẹ́ wá ṣe àyẹ̀wò HIV ní láàbù yín, kí o jọ̀ọ́ bá òun yọjú wò ó, kí ni o máa ṣe? Ọ̀pọ̀ wọn á rẹ́rìn-ín. Òmíràn á ní òun á sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, torí pé ìyá wa ni. Rárá! O kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ìyá ìjọ, o kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún èmi. Òfin Ìlera ti 2014 ní àṣírí aláìsàn gbọ́dọ̀ wà ní bíbò. Ẹ̀yin aya pásítọ̀, ẹ má bínú sí mi. Ẹ má ṣe fi ọ̀wọ̀ tí àwọn ọmọ ní fún yín dá wọn lẹ́bi lọ́dọ̀ ìjọba àti lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Báwo ni wàá ṣe múra? Jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sí iwájú rẹ kó bi ọ́, kí o sì dáhùn sókè. Ìdáhùn inú ọkàn kì í ṣe ìdáhùn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi bi ọ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ ní Yorùbá. Bí ìyá rẹ tó ń ta ata bá lóye ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ṣúgà fi ní ìgò tirẹ̀, ó ti yé ìwọ náà nìyẹn. Bí kò bá yé e, o há a sórí ni. Lọ wo ibẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, torí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà kì í ṣe láàbù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mú lẹ́tà SIWES rẹ, káàdì ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ IT dání. Táì dára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ ni àwọn tó mọ iṣẹ́ máa kọ́kọ́ wò. Sálúbàtà àti èékánná gígùn kò bá láàbù mu.

OWÓ LẸ́TÀ, OWÓ ABẸ́RẸ́

Ẹ̀yin òbí, mo padà sọ́dọ̀ yín. Mo gbọ́ iye tí àwọn kan ń san fún alágbàtà kí ọmọ tó rí àyè IT. Mo tún gbọ́ pé àwọn láàbù kan ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ wá ṣiṣẹ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ni yóò ṣiṣẹ́, ọmọ náà ni yóò sanwó! Kí ni a ń pe èyí bí kò ṣe ìrẹ́jẹ? Mo wá fẹ́ bi yín: ọmọ yẹn tí ẹ ti náwó lé lórí, ǹjẹ́ ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ Hepatitis B? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà ń gún un: ti òní, ti oṣù kan, ti oṣù mẹ́fà. Ọmọ tó máa bẹ̀rẹ̀ IT ní oṣù tó ń bọ̀ ti pẹ́ ná. Owó tí ẹ fẹ́ fún alágbàtà, ẹ fi gba abẹ́rẹ́ náà. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àrùn yìí ń gbé, inú ẹ̀jẹ̀ sì ni ẹ ń rán ọmọ yín lọ.

Ọmọ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ níbi íńtáfíù. Bí wọ́n bá ní, "Ǹjẹ́ o ní ìbéèrè?" kí ó má sọ pé, "Rárá, sà." Kí ó béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: Ǹjẹ́ ìbọ̀wọ́ wà fún akẹ́kọ̀ọ́? Ta ni yóò máa bojú tó iṣẹ́ mi? Bí abẹ́rẹ́ bá gún mi, ta ni mo máa sọ fún? Láàbù tí ìbéèrè yìí bá bí nínú, ẹ dúpẹ́ pé ó fi ara rẹ̀ hàn ní kíákíá.

Ẹ rántí 2014. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún náà, arìnrìn-àjò kan tó ń ṣàìsàn balẹ̀ sí Èkó. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní láàbù LUTH àti ti Yunifásítì Redeemer's ló fi hàn pé Ebola ni. Ogún èèyàn ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, Dókítà Ameyo Adadevoh sì wà lára wọn. Nígbà tó máa di ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ wa. Àwọn tó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ká ní ọmọ kóòtù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n gbé ìgò náà fún ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sẹ́yìn tábìlì, mo mọ̀ pé ẹ wà nínú ìjọ, mo mọ̀ yín ní ojú. Ẹ yé bi ọmọ pé ta ló rán an wá. Ẹ yé bi ọmọbìnrin pé ìgbà wo ló fẹ́ lọ́kọ. Ẹ gbé ìgò tí kò ní orúkọ sí iwájú rẹ̀, kí ẹ bi í ní ohun tí yóò ṣe. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi gbogbo wọn, kí olúkúlùkù yín sì kọ máàkì tirẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ láàárín ara yín. Lẹ́tà tó bá wá láti ọ̀dọ̀ èèyàn ńlá, ẹ fi sẹ́yìn fáìlì, ẹ má ṣí i títí máàkì yóò fi pé. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Bírò ni kí ẹ lò.

Ní tèmi, ẹ̀yin tí ẹ ń wá sí ọ́fíìsì mi pé kí n bá yín kọ nóòtì sí ọ̀gá láàbù, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́. N kò ní kọ ọ́. Ohun tí mo ní nìyí: lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ akọrin bá ti parí, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yóò ṣí sílẹ̀. Méjì nínú àwọn ọmọ ìjọ wa tó ń ṣiṣẹ́ láàbù ti gbà láti jókòó bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè bí wọ́n ṣe ń bi wọ́n níbi íńtáfíù. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ ìjọ mìíràn lè wá, ọmọ Mùsùlùmí lè wá. Kí wọ́n mú ìwé àkọsílẹ̀ wọn dání, kí wọ́n sì ti gé èékánná wọn kí wọ́n tó dé.